Lẹ́tà ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé: Ẹ wo Afghánístàn láti ẹnu ọ̀nà ilé

Ẹ̀yin Ọlọ́lá ọmọ Ìgbìmọ̀ Ààbò,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi kì í ṣe aṣojú ìjọba kankan, n kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Afghánístàn rí. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ tí mo sì ṣe pẹ́ jù lọ ni pé kí n gbé àpótí oògùn kọ́ èjìká láti ojúlé dé ojúlé, kí n máa kán oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ sí àwọn ọmọdé lẹ́nu. Ẹ̀kán méjì péré ni. Bí ọmọ bá ti gbé e mì, a ó fi ìnkì kun èékánná ìka rẹ̀ tó kéré jù, a ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì sára ilẹ̀kùn, a ó sì kọjá sí ilé kejì. Iṣẹ́ yìí ló so mí mọ́ àwọn tí mò ń torí wọn kọ lẹ́tà yìí, nítorí ìgbà kan wà tó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè mẹ́ta péré ló kù ní gbogbo ayé tí kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀: Nàìjíríà, Pakístàn àti Afghánístàn. Ohun tó ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ṣe. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ògún ọdún 2020, wọ́n kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tiwa parí, tiwọn kò parí, mo sì ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló fa ìyàtọ̀ náà. Ìdáhùn tí mo rí ni mo fẹ́ gbé síwájú yín.

Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ojúlé dé ojúlé rí mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ wà. Oògùn lè ti òkè òkun dé, ó lè gba pápákọ̀ òfurufú kọjá, ó lè sùn sínú fìríìjì ilé ìwòsàn fún oṣù kan. Bí kò bá ti sí ẹni tí ìyálé ilé gbà kó wọlé, òfo ni. Lókè Ọya ní orílẹ̀-èdè wa, ọ̀pọ̀ agbo ilé wà tí ọkùnrin àjèjì kò gbọdọ̀ wọ̀, àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ wa ló sì ń wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí ní ọ̀pọ̀ abúlé Afghánístàn. Láti ibi tí ẹ jókòó sí ní New York, ohun tó hàn sí yín ni ẹni tó gba Kabul, olú ìlú wọn, ìjọba tí ẹ kà sí ìjọba àti èyí tí ẹ kò kà sí, àti ìpinnu tó ní nọ́ńbà tó sì ní ọjọ́ tí yóò parí. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ bá mi dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, kí ẹ wò ó láti ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìpinnu yín ń já sí.

Ìtàn ogun náà kò ṣàjèjì sí yín, n kò sì ní fi gba àkókò yín. Àwọn ọmọ ogun Sófíẹ̀tì wọlé ní ìparí oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1979, wọ́n jáde ní oṣù Èrèlé ọdún 1989. Àwọn tí wọ́n jọ bá Sófíẹ̀tì jà wá dojú ìbọn kọ ara wọn, wọ́n sì fi rọ́kẹ́ẹ̀tì sọ apá tó pọ̀ ní Kabul di àlàpà láàárín ọdún 1992 sí 1996, tí àwọn Taliban, ẹgbẹ́ agbébọn ẹlẹ́sìn, kọ́kọ́ gba ìlú náà. Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2001. Sójà wọn tó kẹ́yìn wọ bàálù ní ọjọ́ 30 oṣù Ògún ọdún 2021, nígbà tí Taliban ti tún gba Kabul láti ọjọ́ 15 oṣù náà. Bí a bá ka Rọ́ṣíà sí àrólé Sófíẹ̀tì, nínú ẹ̀yin márùn-ún tí ẹ ní àga ayérayé nínú Ìgbìmọ̀ yìí, mẹ́rin ni sójà wọn ti fi bàtà tẹ ilẹ̀ náà láàárín àkókò yìí. N kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹun nínú àwo kò yẹ kó máa béèrè ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Obìnrin tí wọ́n bí lọ́sẹ̀ tí Sófíẹ̀tì wọlé ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, ó ṣeé ṣe kó ti máa gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, kò sì sí ìgbà kan láyé rẹ̀ tí kò sí ẹni tó ń gbé ìbọn kiri ní ìgboro.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ, nítorí ibẹ̀ ni obìnrin náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tirẹ̀. Búrẹ́dì ni oúnjẹ wọn gan-an: búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní naan, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ààrò amọ̀ jíjìn títí yóò fi jinná, tí wọ́n sì ń fi tíì gbígbóná sìn sísàlẹ̀ ọ̀fun. Ní ilé aláìní, òun àti tíì ni oúnjẹ àárọ̀, òun àti tíì náà sì ni ti alẹ́. Bí ọjọ́ bá ń rọ̀ ní Kabul, ẹ ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n wọ ìbòrí aláwọ̀ ojú ọ̀run láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì pẹ̀lú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í fa ẹnikẹ́ni láṣọ. Ẹni tó wá ra márùn-ún fún ilé rẹ̀ tí yóò san owó mẹ́fà, kí oníbúrẹ́dì lè na ọ̀kan sí wọn, ni wọ́n ń dúró dè. Opó wà nínú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Oníbúrẹ́dì náà ní ọgbọ́n tó fi ń gbé e: bí ìyẹ̀fun bá wọ́n, kò ní fi kún owó, ìyẹ̀fun pípò tó ń bù fún ẹyọ kan ni yóò dín kù, kí iye búrẹ́dì má yí padà bó tilẹ̀ ń fúyẹ́ lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Àwa tí a ti ra búrẹ́dì ní Nàìjíríà kò nílò ògbufọ̀ lórí èyí. Ìyá tó ń pín in fún ọmọ mẹ́fà mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó sọ, tirẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ dín kù.

Mo mọ ibi tí irú ìpín bẹ́ẹ̀ ń já sí, nítorí mo ti fi téèpù aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá ọmọdé rí. Téèpù pélébé kan ni. Ẹ ó fi yí apá ọmọ náà ká ní àárín èjìká sí ìgúnpá, ẹ ó fà á díẹ̀, ẹ ó sì wo àwọ̀ tó bọ́ sí. Bó bá bọ́ sí àwọ̀ ewé, ẹ dúpẹ́. Bó bá bọ́ sí pupa, apá náà kò tó sẹ̀ǹtímítà 11.5 yíká nìyẹn, ọmọ náà sì ti wà ní bèbè ikú. Irú téèpù yìí kan náà ni wọ́n ń lò ní Lashkar Gah ní ìpínlẹ̀ Helmand àti ní ilé ìwòsàn ọmọdé Indira Gandhi ní Kabul, níbi tó ti ṣẹlẹ̀ pé ọmọ méjì sí mẹ́ta pín ibùsùn kan. Ní Herat, àwọn baba kan ta kíndìnrín wọn kan láti fi san gbèsè oúnjẹ. Àwọn mìíràn gba owó orí ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, wọ́n sì fi owó náà bọ́ àwọn àbúrò rẹ̀.

Èyí tó yẹ kó rú yín lójú ni pé ebi náà le sí i lẹ́yìn tí ìbọn rọlẹ̀. Kí Kabul tó bọ́ lọ́wọ́ ìjọba àtijọ́, owó ìrànlọ́wọ́ láti òkèèrè ló ń gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìnáwó ìjọba, ó sì dúró lójijì. Nǹkan bí bílíọ̀nù 9 dọ́là ni báńkì àpapọ̀ wọn ní lókèèrè, bílíọ̀nù 7 nínú rẹ̀ wà ní New York, wọ́n sì tì í pa. Nínú ìlú, àṣẹ jáde pé kí báńkì má san ju 200 dọ́là lọ fún oníbàárà kan lọ́sẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì láti ìdájí, tí púpọ̀ nínú wọn ń padà sílé lọ́wọ́ òfo. Tíṣà àti nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìgba kọ́bọ̀. Nígbà náà ni ẹ̀bá títì ní Kabul di ọjà tí kò yẹ kó wà: kápẹ́ẹ̀tì, ìkòkò tíì, tẹlifíṣọ̀n, tìmùtìmù tí wọ́n ń tẹ́ fún àlejò, gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹni tó ni ín sì dúró tì í tó ń wojú ẹni tó ń kọjá. Mo ti rí irú ìwo bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ tún rí i mọ́.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2022, Ààrẹ Joe Biden ní kí wọ́n pín owó tó wà ní New York sí méjì, kí apá kan dúró de ẹjọ́ àwọn ẹbí tó pàdánù ènìyàn wọn nígbà tí wọ́n já bàálù gbà láti fi kọlu Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2001. Nígbà tó di oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2022, wọ́n kó bílíọ̀nù 3.5 yòókù sínú àpò kan ní Switzerland. Mo bá àwọn ẹbí wọ̀nyẹn kẹ́dùn tọkàntọkàn. Síbẹ̀, kò sí ará Afghánístàn kan ṣoṣo nínú àwọn mọ́kàndínlógún tó já bàálù wọ̀nyẹn gbà. Owó náà kì í ṣe ti Taliban; owó tí oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ fi sí báńkì wà nínú rẹ̀. Mo gbà pé ẹ ṣe ohun kan: ìpinnu 2615 tí ẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2021 jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ fún aráàlú lè kọjá láìlùfin ìjìyà tí ẹ fi lé àwọn aṣáájú Taliban lórí. Ó dára, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn báńkì òkèèrè láti fi owó ránṣẹ́ síbẹ̀, àbúrò tó wà ní Jámánì sì ní láti wá ẹni tí yóò bá a fi hawala, ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ tí kì í gba báńkì, gbé owó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Òtútù kò tún yé. Kabul wà lórí òkè, nǹkan bí mítà 1,800, yìnyín sì máa ń bo òrùlé nígbà òtútù. Nílé tí agbára bá ká èédú, wọ́n ń ṣe sandali: wọ́n á gbé ìkòkò ẹyin iná sábẹ́ tábìlì kúkúrú, wọ́n á da kúbùsù ńlá bò ó, tọmọdé tàgbà á sì ti ẹsẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Nílé tí agbára kò bá ká èédú, ohun tó bá ṣáà ti lè jó ni wọ́n ń dáná sí, ike, bàtà àgbélẹ̀rọ, táyà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, èéfín rẹ̀ sì ń wọ àyà ọmọ tó wà nítòsí. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ èéfín ní ìgboro. Agolo ni wọ́n so wáyà mọ́, wọ́n kó ẹyin iná àti èso igbó kan tí wọ́n ń pè ní spand sínú rẹ̀, wọ́n ń jù ú fìrìfìrì lójú fèrèsé ọkọ̀ tó bá dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kí òórùn rẹ̀ lè lé ojú burúkú lọ fún awakọ̀. Awakọ̀ lè fún un ní owó wẹ́wẹ́, ó sì lè yí gíláàsì sókè. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án ni àwọn mìíràn nínú wọn, òun sì ni ọkùnrin ilé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí òun ni ẹ̀rí tó dájú jù pé ogun kì í bá sójà lọ. Àwọn Sófíẹ̀tì fi bàálù da àdó kékeré kan sílẹ̀ tó ní ìyẹ́ bíi labalábá, nítorí náà ni ó fi ń wu ọmọdé láti mú. Àwọn tó jà lẹ́yìn wọn rì tiwọn. Taliban rì tiwọn sí ojú ọ̀nà. Bọ́ǹbù tí àwọn ọmọ ogun òkèèrè jù tí kò bú náà wà nílẹ̀. Lónìí, ọmọ tó ń da àgùntàn ní ẹ̀gbẹ́ òkè, tàbí tó ń ṣa irin àlòkù láti tà fún oníwọ̀n, ló ń fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ wá wọn rí. Àjọ Alágbèélébùú Pupa Àgbáyé ní ibi ìtọ́jú kan ní Kabul láti ọdún 1988 tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Alberto Cairo, ọmọ Ítálì tó dé ibẹ̀ ní ọdún 1990, ló sọ ọ́ di ibi tó jẹ́ pé púpọ̀ jù lọ nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ wá gbàtọ́jú níbẹ̀. Ẹni tí àdó olóró gé lẹ́sẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Nígbà tó yá, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú náà. Mo máa ń ronú nípa iyàrá náà: ọmọkùnrin méjì tí wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ọ̀kan tẹ àdó tí wọ́n rì kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀, èkejì kò rí ẹ̀kán méjì tí mo ń kán lẹ́nu ọmọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún lóòjọ́. Ẹsẹ̀ kan náà ni oníṣẹ́ ń wọ̀n fún àwọn méjèèjì.

Kò sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ogun náà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2009 ni ọ́fíìsì yín ní Kabul, UNAMA, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka aráàlú tó kú àti èyí tó fara pa ní ẹlẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí ọdún 2019 fi máa parí, iye wọn ti kọjá 100,000. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dọ̀ Taliban àti àwọn tó ń bá ìjọba jà ni púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà ti wá. Ṣùgbọ́n bàálù Amẹ́ríkà ló sun ilé ìwòsàn àjọ dókítà Médecins Sans Frontières ní Kunduz ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2015, ènìyàn 42 sì kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Ògún ọdún 2021, nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti lọ, ọkọ̀ òfurufú aláìláwakọ̀ wọn lé òṣìṣẹ́ àjọ ìrànlọ́wọ́ kan kiri Kabul fún wákàtí púpọ̀, wọ́n ka ike omi tó ń kó sínú mọ́tò sí bọ́ǹbù. Nígbà tó ya mọ́tò náà sínú ọgbà ilé, àwọn ọmọ sáré jáde wá pàdé rẹ̀. Ènìyàn 10 ló kú, ọmọdé ni méje nínú wọn. Lẹ́nu ọ̀nà ni. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tó gbà pé àṣìṣe ni.

Lẹ́yìn Kunduz, ẹ̀yin fúnra yín fọwọ́ sí ìpinnu 2286 ní oṣù Èbìbí ọdún 2016, pé ilé ìwòsàn àti oníṣègùn kì í ṣe ohun tí ogun gbọdọ̀ kàn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 12 oṣù Èbìbí ọdún 2020, àwọn agbébọn wọ ilé ìgbẹ̀bí ní Dasht-e-Barchi, ní apá ibi tí àwọn ẹ̀yà Hazara ń gbé ní Kabul. Wọ́n fi àwọn ẹ̀ka ilé ìwòsàn yòókù sílẹ̀, ibi tí àwọn ìyá wà ni wọ́n lọ tààrà. Ènìyàn 24 ni wọ́n pa, ìyá ọmọ ni púpọ̀ nínú wọn, títí kan èyí tí ń rọbí lọ́wọ́, wọ́n sì pa ọmọ tuntun. Ilé wa ni wọ́n ti ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, Médecins Sans Frontières kéde pé àwọn ń fi ilé ìgbẹ̀bí náà sílẹ̀, àwọn aboyún àdúgbò náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí iṣẹ́ tí mo mọ̀. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2013, wọ́n yìnbọn pa àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kán oògùn rọpárọsẹ̀ ní Kánò. Èmi wà ní Ìbàdàn, ọ̀nà jìn, síbẹ̀ n kò lè kan ilẹ̀kùn kankan lọ́jọ́ kejì rẹ̀ láìkọ́kọ́ wẹ̀yìn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2021, wọ́n pa mẹ́ta ní Jalalabad, obìnrin ni gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé ọdún 2022, wọ́n pa mẹ́jọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní Kunduz àti Takhar. Ìfura tó ń pa irú wọn ní orírun, Ọlọ́lá kan nínú yín sì mọ̀ nípa rẹ̀: ní ọdún 2011, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà lo dókítà kan láti ṣe bí ẹni ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Abbottabad ní Pakístàn, nígbà tí wọ́n ń wá Osama bin Laden. Àwa tí a la ọdún 2003 kọjá, nígbà tí àhesọ pé oògùn náà ń sọ ọmọ di àgàn dá iṣẹ́ dúró ní Kánò, mọ iye ọdún tí irú iyèméjì bẹ́ẹ̀ fi ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 2018, Taliban fòfin de iṣẹ́ ojúlé dé ojúlé ní àwọn ibi tó wà lábẹ́ wọn. Wọ́n ní kí wọ́n kó ọmọ wá sí mọ́ṣáláṣí. Ọmọ tó lè rìn ni wọ́n ń kó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìkókó àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ń bẹ nínú iyàrá.

Ìdí rèé tí n kò fi lè gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ nìkan, tí a lè sún sí ẹ̀yìn títí oúnjẹ yóò fi kárí. Láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2021 ni Taliban ti ti ilé ìwé girama mọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ 23 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2022, wọ́n ní kí wọ́n wá, àwọn ọmọ náà múra, wọ́n gbé báàgì, wọ́n sì lé wọn padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Yunifásítì tẹ̀ lé e ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2022, wọ́n sì lé obìnrin kúrò nínú iṣẹ́ àjọ aládàáni lóṣù kan náà. Nígbà tó di oṣù Igbe ọdún 2023, ó kan àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàápàá, ẹ sì fi ìpinnu 2681 bẹnu àtẹ́ lù ú. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ti oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, nígbà tí wọ́n lé obìnrin kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Ní ibi tí ọkọ kò ti ní gbà kí ọkùnrin yẹ ìyàwó rẹ̀ wò, tí obìnrin kò sì lè rin ìrìn tó jù máìlì 45 lọ láìsí ọkùnrin ẹbí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, agbẹ̀bí tí wọn kò kọ́ lónìí ni obìnrin tó ń rọbí yóò máa pè lọ́dún mẹ́wàá sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Kunar ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 2025, tó wó ilé amọ̀ lé ènìyàn tó ju 2,200 lọ lórí títí wọ́n fi kú, ó ṣòro fún àwọn ọkùnrin tó wá gbani là láti fọwọ́ kan obìnrin tó fara gbọgbẹ́, dókítà obìnrin tó yẹ kó fọwọ́ kàn wọ́n kò sì tó nǹkan.

Sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lé àwọn ogúnléndé padà sí. Láti ìparí ọdún 2023 ni Pakístàn ti ń kó wọn gba ibodè Torkham àti Spin Boldak. Ní ọdún 2025, Íránì lé ọ̀pọ̀ gba Islam Qala ní Herat. Wọn kò bí àwọn mìíràn nínú wọn sí Afghánístàn, èdè ìgboro Peshawar tàbí ti Tehran ló wà lẹ́nu wọn. Opó tó ń ránṣọ níbẹ̀ tó fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin dé ibodè, wọ́n sì sọ fún un pé kò lè ṣiṣẹ́. Ní ọdún yẹn náà ni Amẹ́ríkà, tó ń dá owó jù lọ, gé ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kúrò, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kékeré sì ti ilẹ̀kùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín gbà pé bí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́, ẹ ń gbé ìjọba tó ń fìyà jẹ obìnrin ró. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò tọ̀sán tòru, n kò sì fara mọ́ ọn. Ìyà tí ẹ bá fi jẹ aláṣẹ Taliban tó wà ní Kandahar kì í dé inú àwo tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà oníbúrẹ́dì ló ń dé. N kò ní kí ẹ kó bílíọ̀nù tó wà ní Switzerland lé e lọ́wọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ilé ìwòsàn, ti oúnjẹ ọmọdé àti ti àwọn tó ń wú àdó olóró nílẹ̀ dúró de ìgbà tí ìṣèlú bá yanjú, torí àwọn tó rì í mọ́lẹ̀ ní gbèsè láti san. Mo tún ń bẹ̀ yín kí àjọ kankan tó ń lo owó yín má ṣe gbà láti fi ọkùnrin nìkan ṣe iṣẹ́ tó ń wọ inú ilé, kí wọ́n wá máa kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti dé ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé. Mo mọ̀ ọ́n.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni ẹ sábà máa ń jókòó lórí àṣẹ UNAMA. Bí ẹ bá tún jókòó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá obìnrin kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú, agbẹ̀bí tàbí ẹni tó ń kán oògùn, ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù, kí ẹ sì bo orúkọ àti ojú rẹ̀ kí wọ́n má baà pa á. Ẹ má bi í nípa ìjọba. Ẹ bi í pé ilé mélòó ló wọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, mélòó ló kọjá láìwọ̀, ta ló dá a dúró, ta ló sì tẹ̀ lé e lọ́nà nígbà tí kò sí ọkùnrin nílé rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀, n bá tún bi í bóyá ó rí omi dídì kó sínú àpótí oògùn rẹ̀ láàárọ̀, àti bóyá ó ṣì tutù nígbà tó dé ilé tó kẹ́yìn.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Òṣìṣẹ́ ìlera tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn, Nàìjíríà